Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ olú kúrò lára ewéko

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé sí ojú ìwé sáyẹ́ǹsì yín nípa bí a ṣe ń pín àwọn ohun abẹ̀mí sí ìsọ̀rí. Ẹni tó kọ ọ́ mọ èdè lò, n kò sì bá a jà. Àwòrán tí ẹ fi sí i ni mo ní í bá wí. Igi ẹlẹ́ka mẹ́ta ni ẹ yà: ẹranko, ewéko, àti kòkòrò àìfojúrí. Olú ńkọ́? Ẹ̀ka ewéko ni ẹ so ó mọ́. Ká ní ní ọdún 1760 ni ẹ ya àwòrán yìí ni, n kò ní wí nǹkan kan.

Nígbà tí Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1735, ẹranko àti ewéko nìkan ni ìsọ̀rí tó yà sọ́tọ̀ fún ohun abẹ̀mí. Olú kì í rìn, ilẹ̀ ló sì ti ń hù, ló bá di ewéko. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí Leeuwenhoek ti fi awò rí nínú omi ní Netherlands ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú kò ríbi wọ̀ sí. Nígbà tó yá, Linnaeus kó lára wọn sábẹ́ orúkọ kan, Chaos, ìyẹn rúdurùdu. Ó kúkú sòótọ́. Ní 1866 ni Ernst Haeckel ará Jámánì ya ìsọ̀rí kẹta sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀dá kéékèèké. Ibẹ̀ ni àwòrán yín dúró sí, ó sì ti lé ní 150 ọdún.

Ìpín márùn-ún tí Robert Whittaker, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1969 ló mú kí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ gbà pé fúngáì, ìyẹn olú, ìwúkàrà àti ohun tó máa ń hù lára ògiri tó bá rin, ní ìsọ̀rí tara wọn. Ewéko ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀. Fúngáì kò lè ṣe é. Ńṣe ló máa ń tú oje sára ohun tó fẹ́ jẹ, tí oje náà á yọ́ ọ níta, kó tó wá fà á sínú. Kítìnì wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ohun kan náà tó wà lára èèpo akàn àti ti tata. Sítáàṣì ni ewéko ń tọ́jú pamọ́. Glycogen ni fúngáì ń tọ́jú, bí ẹ̀dọ̀ tiwa náà ṣe ń ṣe. Láti 1993 tí àwọn onímọ̀ ti fi àbùdá wọn wéra, ó ti hàn pé fúngáì àti ẹranko jọ ní baba ńlá kan tí kì í ṣe ti ewéko. Olú tó hù láàárín koríko sún mọ́ ẹni tó ń wò ó ju bó ṣe sún mọ́ koríko náà lọ.

Bí ẹnìkan bá ní kí ló kàn wá nínú ìyẹn, kó lọ bi oníṣègùn. Pẹnisilíìnì ń pa bakitéríà nítorí pé kì í jẹ́ kó rí ògiri mọ yí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ká. Sẹ́ẹ̀lì tiwa kò ní ògiri bẹ́ẹ̀, nítorí náà òògùn náà ń rí ọ̀tá bá jà láìkàn wá. Kò ran fúngáì, torí ògiri tirẹ̀ yàtọ̀ (fúngáì gan-an ló kúkú ń ṣe pẹnisilíìnì). Inú sẹ́ẹ̀lì fúngáì sì jọ tiwa débi pé ohun tó bá pa á lè pa àwa náà lára. Ergosterol, irú ọ̀rá kan tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, níbi tí cholesterol wà lára tiwa, ni ọ̀pọ̀ òògùn fúngáì dojú kọ. Amphotericin B wà lára àwọn tó lágbára jù, ṣùgbọ́n bí dókítà bá ń fún aláìsàn, kíndìnrín onítọ̀hún ló máa ń ṣọ́ lójú méjèèjì.

Ìrísí sì ń tanni jẹ. Ohun tó ba pòtétò jẹ́ ní Ireland láti 1845, tí ìyàn tó tẹ̀ lé e pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn, ni Phytophthora infestans. Ó ń ta fọ́nrán bíi fúngáì, ó ń mú ewé jẹrà bíi fúngáì, ó sì pẹ́ tí wọ́n fi kà á mọ́ wọn. Àmọ́ cellulose, ohun tó wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì ewéko, ló wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dípò kítìnì, ewédò aláwọ̀ ilẹ̀ inú òkun sì ni ìbátan rẹ̀. Kì í pèsè ergosterol rárá, nítorí náà òògùn tó bá ń wá ergosterol kò rí i gbé ṣe. Ti Pneumocystis, tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí agbára àjẹsára wọn ti lọ sílẹ̀ jà, ló yí padà: protozoa, ìyẹn ẹ̀dá tíntìntín onísẹ́ẹ̀lì kan, ni wọ́n ń pè é títí di 1988 tí àyẹ̀wò àbùdá fi hàn pé fúngáì ni. Kí n má tàn yín, òun náà kò ní ergosterol bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, co-trimoxazole, òògùn tí wọ́n ń lò fún bakitéríà, ni wọ́n sì ń fi tọ́jú rẹ̀ dòní. Mímọ ẹbí ẹ̀dá kan kì í sọ gbogbo ìwà rẹ̀ fúnni.

Ẹ̀ka kẹta yín ló wá burú jù. Ẹ kó gbogbo ohun tójú kò rí pọ̀, bí ẹni kó gbogbo ènìyàn kúkúrú jọ tó ní ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ìwúkàrà wà níbẹ̀, bakitéríà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwúkàrà sún mọ́ erin ju bó ṣe sún mọ́ bakitéríà lọ! Ní 1977, Carl Woese àti George Fox ní Yunifásítì Illinois yẹ RNA inú ribosome (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe purotéènì) wò, wọ́n sì rí i pé àwọn kan tí gbogbo ayé ń pè ní bakitéríà kì í ṣe bakitéríà. Archaea ni wọ́n ń jẹ́ lónìí. Àwọn kan ń gbé inú omi tó ń hó látinú ilẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣe gáàsì methane nínú ikùn màlúù, kò sì tíì sí ọ̀kan tí a mọ̀ dájú pé ó ń fa àrùn fún ènìyàn. Ní 1990, Woese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ohun abẹ̀mí sí mẹ́ta. Mẹ́ta ni tiyín náà, àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí: Bacteria, Archaea, àti Eukarya, ìyẹn àwọn tí kóró wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn. Ẹranko, ewéko àti fúngáì ló há sínú ẹyọ kan ṣoṣo níkẹyìn.

Ẹ lè ní àwọn onímọ̀ fúnra wọn kì í dúró sójú kan. Òótọ́ ni. Ní 2021, wọ́n pa orúkọ àwọn ìsọ̀rí ńláńlá bakitéríà dà, Firmicutes di Bacillota. Òfin tó ń darí orúkọ ewéko ló ṣì ń darí ti fúngáì. Ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n ń yí. Kò sí onímọ̀ tó tún ń jiyàn pé ewéko ni olú.

Ẹ bá wa tún àwòrán náà yà nínú àtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Ẹ gbé fúngáì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹranko, kí ẹ sì pín ẹ̀ka kẹta yẹn. Fáírọ́ọ̀sì tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára igi náà pátápátá: kò ní sẹ́ẹ̀lì, kò sì ní ribosome tí a lè fi wá ìdí ẹbí rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan