Ìpè Lẹ́ńtì Kò Ṣeé Rán Ènìyàn Jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn Kristẹni ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lórí àkókò Lẹ́ńtì, ìyẹn ogójì ọjọ́ àwẹ̀ àti ìrònúpìwàdà tó ṣáájú Àjíǹde, tí a wà nínú rẹ̀ yìí, nítorí ó jọ pé a ti mọ bí a ṣe ń gba àwẹ̀ ìjọ ju bí a ṣe ń dá Ọlọ́run lóhùn lọ.

Imọ̀ ọ̀pẹ tí a fì ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá ni wọ́n ń sun di eérú tí àlùfáà fi ń ṣe àmì àgbélébùú sí wa níwájú orí ní Ọjọ́rú Eléérú tí Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìjọ ló ń tò lọ síwájú pẹpẹ, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ni àlùfáà ń dojú kọ, tí ó sì ń rán an létí pé erùpẹ̀ ni, yóò sì padà di erùpẹ̀. Baálé ilé kò lè gba eérú yìí fún ìyàwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá kò lè gbà á fún ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá pe ènìyàn sí ìnáwó ní ilẹ̀ Yorùbá, tí kò sì ráyè lọ, ó lè fi owó rán ẹlòmíràn, kí wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tí ó wá. Ìpè ti Lẹ́ńtì kò gba aṣojú.

Síbẹ̀, ohun tí mò ń rí láyìíká mi ni pé ìjọ ni a ń rán pé kó bá wa jẹ́ ìpè náà. Wọ́n ti tẹ ìwé àdúrà ogójì ọjọ́, ẹgbẹ́ ọkùnrin ti fi tiwọn ránṣẹ́ sórí WhatsApp, a ti mọ ẹni tí yóò gbé àkàrà àti ẹ̀kọ wá fún ìṣínu ní Ọjọ́rú, a sì ti sún ìgbéyàwó di ẹ̀yìn Àjíǹde. N kò sọ pé àwọn ètò wọ̀nyí kò dára, nítorí àwẹ̀ tí a bá jọ gbà a máa fún aláìlera lókun. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ láti Ọjọ́rú Eléérú títí di òru Àjíǹde, kí Ọlọ́run má tíì gbọ́ èsì kankan lẹ́nu rẹ̀.

Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 14, Jésù sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó se àsè ńlá, tí àwọn tí ó pè sì ń bẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kó yọ̀ǹda àwọn. Ọ̀kan ra ilẹ̀, èkejì ra àjàgà màlúù márùn-ún, ẹ̀kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Kò sí olè nínú wọn, kò sí ọ̀mùtí, ohun tí ó sì ń bà mí lẹ́rù nínú ìtàn náà gan-an nìyẹn. Bí a bá tún un sọ lónìí, ẹnì kẹrin lè wí pé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ ni kò jẹ́ kí òun ráyè wá.

Wòlíì Aísáyà, ní orí 58, bá àwọn kan wí tí wọ́n ń gbààwẹ̀, tí wọ́n sì ń bínú pé Ọlọ́run kò kà á sí. Èsì tí wọ́n gbà ni pé lọ́jọ́ àwẹ̀ náà ni wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó jẹ ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí awakọ̀ rẹ̀ lówó oṣù, tí ó sì ń fi ebi panú títí di ìrọ̀lẹ́. Ti Sákéù, olórí agbowó-òde, tilẹ̀ ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Jésù fi pè é sọ̀kalẹ̀ lórí igi ní Jẹ́ríkò, òun náà sì ṣèlérí láti fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, àti láti san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rẹ́ jẹ. A kò kà á níbẹ̀ pé ó gbààwẹ̀ ọjọ́ kan.

Nítorí náà, kí àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà má ṣe rò pé àwọn kò rí nǹkan kan mú wá. Òfin Ìjọ Àgùdà pàápàá kò sọ àwẹ̀ di dandan fún ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 59, ọjọ́ méjì péré, Ọjọ́rú Eléérú àti Ọjọ́ Ẹtì Rere, ni ó sì fi ṣe dandan fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 18. Ẹni tí dókítà ní kí ó máa jẹun lásìkò lè pe àbúrò rẹ̀ tí wọn kò ti bára wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pín ogún.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí àwọn àlùfáà wa. Nínú ìsìn Ọjọ́rú, kí a tó ṣínu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe darí àdúrà, kí akọrin má sì dá orin, kí olúkúlùkù lè sọ fún Ọlọ́run ohun tí ó fẹ́ ṣe àti ẹni tí ó fẹ́ lọ bá. Yóò ṣòro fún àwa tí ariwo ti mọ́ lára, àwọn kan yóò sì máa wo aago, ṣùgbọ́n a lè fi Ọjọ́rú tí ń bọ̀ yìí dán an wò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ìjọ kan, Abẹ́òkúta