Ẹ jẹ́ ká tún odò ṣe ká tó jà lórí àmì Ọ̀ṣun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Awuyewuye lórí àwọn àmì ìdánimọ̀ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo fẹ́ dá sí. Nígbà Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, a di "State of Osun", Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí, a sì ní àsíá, orin àti òǹtẹ̀ tiwa. Nígbà tí Gómìnà Adélékè wọlé lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ó pàṣẹ pé ká padà sí "Osun State". Ní ti orúkọ, kò sí ìjà ńbẹ̀: ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti ka orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, gómìnà kankan ò sì lè dá a yí padà.

Àkọlé ara nọ́ńbà mọ́tò wa àtijọ́ ló ká mi lára: "State of the Living Spring", ìyẹn Ìpínlẹ̀ Orísun Omi Ìyè. Ẹni tó bá rò pé wọ́n kàn kọ ọ́ fún ẹwà kò mọ Ọ̀ṣun. Odò tí à ń kí ní yèyé olómi tútù ni, tí ẹni tí ń wọ́mọ ń lọ bẹ̀, tí igbó rẹ̀ ní Òṣogbo sì wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2005. (Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣàn wá, a dúpẹ́ pé àwọn ará Èkìtì ò gbowó orúkọ lọ́wọ́ wa.)

Odò ọ̀hún náà ló wá ń pọ́n bí ẹrẹ̀ lónìí, nítorí àwọn tí ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Omi ìyè tí wọ́n ní ká má fẹnu kàn!

Àwọn kan ní kí ọmọlúàbí kúkú dúró. Ó wù mí, àmọ́ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló ni ọmọlúàbí. Ará Abẹ́òkúta á ní tòun náà ni. Odò yìí ló ṣe wá lọ́tọ̀.

Àbújá ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà, ìpínlẹ̀ nìkan ò lè dá a yanjú. Kí àwọn akọ̀ròyìn yín bá wa bi wọ́n lọ́hùn-ún: àwọn wo ló níwèé àṣẹ lẹ́bàá odò náà, ta ló sì ń bẹ̀ wọ́n wò?

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ẹdẹ.