Ẹ bá wa kéde omi Ọ̀yán kó tó dé Májídùn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Ọdọọdún ni ìwé ìròyìn máa ń gbé àwòrán omíyalé jáde: ẹni tó ru fíríìjì sórí, àwọn ọmọ tó jókòó sórí tábìlì, ọ̀nà tó di odò. Àwọn àwòrán náà wúlò, wọ́n ń jẹ́ kí ìjọba gbọ́ igbe wa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá fi máa jáde, omi ti wọlé tán. Ohun tí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ etí odò ní Ìkòròdú ń bẹ̀ yín fún ni àyè kékeré kan nínú ìwé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ìparí oṣù kẹjọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí ẹ máa tẹ̀ síbẹ̀: iye omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ní dáàmù Ọ̀yán, ọjọ́ tí oṣù yóò lé àti ọjọ́ tí òṣùpá yóò ràn mọ́jú, àti nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 112 àti 767.

Ìdí rèé. Omíyalé méjì ló ń bá wa fínra, orúkọ kan ṣoṣo la sì fi ń pè wọ́n. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti òjò oṣù kẹfà sí oṣù keje. Ìyẹn kì í fara pamọ́. Òjò ń rọ̀, gọ́tà kún, omi ya wọ àgbàlá. Bí òjò bá dá tí gọ́tà ò dí, omi á fà. Ìkejì, ti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ló ń bá èèyàn lójú oorun. Ó lè dé lọ́jọ́ tí òjò ò kán ní Ìkòròdú rárá, tí aṣọ tí a sá ti gbẹ sórí okùn. Òkè lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983 nítòsí Abẹ́òkúta, ń gba omi tó tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Bí òjò òkè bá kún un, àjọ Ogun-Osun River Basin Development Authority tó ń bójú tó o ò ní ṣàì tú omi sílẹ̀, torí bí dáàmù bá fọ́, ọ̀ràn ńlá ni. A ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Omi náà á bọ́ sínú odò Ògùn, á gba Ìṣẹ́rì àti Òwódé Onírin kó tó já sí ọ̀sà lápá ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀sà náà sì ní ìgbà tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, ọ̀sà sì ń tẹ̀ lé e. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá ràn mọ́jú, kíkún rẹ̀ máa ń ga ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Bí omi òkè bá dé nígbà tí ọ̀sà kún, kò ní ríbi já sí. Ẹ̀yìn ló máa padà sí, ilé wa ló sì wà lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ tẹ ọjọ́ òṣùpá sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye omi dáàmù, torí ọ̀kan láìsí èkejì kò tó láti fi mọ ọjọ́ tó le.

Ẹni tó bá kà á nínú ìwé yín pé omi ń bọ̀, kó wá igi gígùn kan, kó fi kùn fa ìlà sí i lára ní sẹ̀ńtímítà 5 síra, kó rì í mọ́ etí kánàálì tó sún mọ́ ọn jù. Kó wá ìlà tó bá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dọ́gba. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí láti fi mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì yóò fi hàn án. Kó máa wò ó ní wákàtí wákàtí. Bí omi bá ń fi sẹ̀ńtímítà 5 gòkè ní wákàtí kan, tó sì ku 30 kó kan ẹnu ọ̀nà, wákàtí mẹ́fà ló kù. Kó yọ méjì kúrò nínú mẹ́fà náà, torí omi kì í fi ìwọ̀n kan náà gòkè, ilẹ̀ sì lè ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú fèrèsé ni ọ̀pọ̀ ti ń wo omi, ojú kì í sì í rí ohun tó fi lé lóru.

Ọ̀rọ̀ àpò iyanrìn ń dùn wá, torí owó tó ń bá a lọ. Àwọn èèyàn ń kún un dẹ́nu, wọ́n á sì so ó pinpin. Àpò tó kún bẹ́ẹ̀ máa ń le bí òkúta, kì í lẹ̀ mọ́ èkejì, àlàfo àárín wọn sì ni omi ń gbà kọjá. Ẹ bu iyanrìn sí i dé ìdajì tàbí kó lé díẹ̀, ẹ ká ẹnu rẹ̀ sábẹ́, ẹ tò ó bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù, kí ti òkè gun ojú ìpàdé méjì ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀rá tó nípọn ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́, kí ẹ fà á gòkè lápá ibi tí omi ti ń bọ̀. Bí gíga àpò tí ẹ tò bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó mẹ́ta. Àpò ìrẹsì tó ṣófo dára. Àpò símẹ́ńtì onípépà máa ń já bó bá ti rẹ. Ẹ má sì gbàgbé tọ́ílẹ́ẹ̀tì: bí ẹnu ọ̀nà bá dí, omi á gba inú sókàwéè yọ níbẹ̀. Ẹ gbé àpò kan sí ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi òmíràn dí ihò balùwẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn onílé kì í fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wa. Bí omi ìta bá ti fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ga ju inú ilé lọ, ẹ jáwọ́ nínú dídí, ẹ jẹ́ kó wọlé, kí ẹ sì jáde. Ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè ni a kọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò láti gbé, kì í ṣe èyí tó ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kúbíìkì mítà omi kan sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní ti ògiri yìí, onílé tó kọ̀ tí ò gbà fún un rárá ló ń bá a wó o. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ fi ọ̀pá gígùn máa wá ilẹ̀ níwájú, torí gọ́tà tí kò ní ìdérí ò hàn lábẹ́ omi. Omi tó dé kókósẹ̀ péré, bó bá ń sáré, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú.

Ibi mítà ni kí ẹ ti pa iná, nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì gbẹ. Bí omi bá ti ṣíwájú yín débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Kí àwọn òṣìṣẹ́ iná wá já a lórí òpó. Nǹkan bí sẹ̀ńtímítà 30 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa sábà máa ń fi ga sí ilẹ̀. Ẹni tó bá ń tún wáyà ṣe létí odò, kó gbé e dé 120, kó sì jẹ́ kí wáyà sọ̀kalẹ̀ láti àjà. Lẹ́yìn tí omi bá fà, ògiri lè gbẹ lójú kí ẹrẹ̀ ṣì wà nínú páìpù wáyà. Kí oníṣẹ́ iná fi mẹ́gà, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá iná ń jò lára wáyà, wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó 1 mẹ́gà-óòmù, kò tíì tó tàn. Jẹnẹrétọ̀ ń kọ́, ìta gbangba ni ààyè rẹ̀, lórí búlọ́ọ̀kù, kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sí fèrèsé. Wọn ì báà gbé e sí fàráńdà torí òjò, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, oorun ló ń bá èèyàn pa.

Kànga ló yẹ kí gbogbo wa bẹ̀rù jù, torí omi sókàwéè àti ti kànga ti dàpọ̀ nígbà omíyalé. Ní oṣù kẹfà 2024, a rí ohun tí àrùn onígbáméjì fojú Èkó rí. Ẹ dúró kí omi fà kúrò láyìíká kànga ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kàn ń da oògùn nù ni. Ẹ fa omi ẹlẹ́gbin inú rẹ̀, ẹ fọ ara ríìngì, ẹ jẹ́ kí omi tuntun sun. Ẹ má gbé ẹ̀rọ afami tó ń lo epo bẹntiróòlù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga láé. Èéfín rẹ̀ ti tó láti pa ẹni tó bá wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn omi. Kànga tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà mẹ́ta, ń gba nǹkan bí 2,350 lítà. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ike Hypo tàbí Jik tí kò ní lọ́fínńdà, lítà kan àtààbọ̀ ni kí ẹ lò fún 1,000 lítà. Ti kànga yìí jẹ́ lítà mẹ́ta àtààbọ̀. Ẹ pò ó mọ́ omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dà á yíká ara ríìngì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ wá máa fa omi náà dànù títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Síbẹ̀, títí wọn yóò fi yẹ omi náà wò, sísè ni kí ẹ máa sè é kí ẹ tó mu ún: kó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Ti ìjì oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún kò gùn. Apá ìlà-oòrùn ló sábà máa ń gbà wá. Bí ọ̀run bá ṣú bí ògiri níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù sì fẹ́ lójijì, kí ọkọ̀ ojú omi kankan má gbéra ní èbúté Ìpakodò, kí èyí tó wà lójú omi sì wá etí ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù.

Gbogbo ohun tí a kọ yìí ń gba àkókò: kíkún àpò, gbígbé ẹrù sókè, mímú àwọn arúgbó lọ sọ́dọ̀ ẹbí lókè Ògólóńtò. Láti Abẹ́òkúta ni omi náà ti ń rìn bọ̀, ó yẹ kí ìròyìn rẹ̀ lè ṣáájú rẹ̀ dé. Abẹ́òkúta náà ni ọ́fíìsì àjọ tó ni dáàmù wà. Bí akọ̀ròyìn yín kan bá lè béèrè iye omi ọ̀sẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn kí ìwé tó wọ ẹ̀rọ, ìlà mẹ́ta ti pé, a ó sì máa gé e lẹ̀ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù wa fún ẹni tí kò rówó ra ìwé.

Àwa ni tiyín,
Àwọn bíríkìlà, oníṣẹ́ iná àti agbẹ́kàǹga,
Májídùn, Ìkòròdú.