Ẹ má fi iye ọ̀pá mọ ilé ọtí tó dáa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá fún àwọn tó ń bọ̀ wá lo ìsinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó kan ọkọ̀ ojú irin àti aṣọ òtútù dára. Ibi tí akọ̀wé yín ti dé orí real ale, bíà ìbílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fà látinú àgbá, ni inú mi ò ti dùn sí i mọ́. Ó ní bí èèyàn bá wọ pọ́ọ̀bù, kó ka àwọn ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa ọtí látinú àgbá, èyí tó tò sórí káńtà. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù ni kó jókòó sí. Ó tún ní kí àlejò má retí ohun ńlá, torí bíà àwọn Òyìnbó yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì máa ń kan. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló máa ń sin èèyàn lọ síbi tó ti máa bá èkejì pàdé.

Bíà inú ìgò tí a mọ̀ nílé, wọ́n ti sẹ́ ẹ, wọ́n ti pa ìwúkàrà inú rẹ̀, wọ́n sì ti fi gáàsì sí i kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ọlọ́tí ò ní iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀ ju kó gbé e sí fíríìjì. Ìwúkàrà real ale ṣì wà láàyè nígbà tó bá dé pọ́ọ̀bù, inú àgbá ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹmu ò nílò àlàyé gígùn: ti àárọ̀ kọ́ ni ti ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́mu tó mọṣẹ́ sì mọ wákàtí tó yẹ kó gbé tirẹ̀ jáde.

Onílé ọtí á gbé àgbá náà lé pẹpẹ, kò sì ní mì ín mọ́. Á ti èèkàn igi rírọ̀ kékeré kan bọ ihò òkè rẹ̀, kí gáàsì tó bá pọ̀ jù lè rọra yọ́ jáde. Bí híhó náà bá rọlẹ̀, á fa ìyẹn yọ, á fi igi líle rọ́pò rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ (ohun tí wọ́n fi ń mú kó tètè sọ̀ látayébáyé, inú àpò afẹ́fẹ́ ẹja ni wọ́n ti ń rí i; ẹ má fà sẹ́yìn, ẹ ò ní gbọ́ òórùn ẹja kankan). Yàrá náà gbọ́dọ̀ wà láàárín 11 sí 13 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìyẹn ò lọ́ wọ́ọ́rọ́ rárá. Fíríìjì ló ti ba ahọ́n wa jẹ́. Bí ọtí bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóòótọ́, ẹ dá pọ́ọ̀bù náà lẹ́bi, ẹ fi ọtí sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ iye ọ̀pá ti wá wọlé rèé. Látìgbà tí wọ́n bá ti ṣí àgbá, afẹ́fẹ́ ló ń gba ipò ife kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fà, afẹ́fẹ́ yẹn náà ló sì ń bà á jẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ 3 ni onílé ọtí tó mọṣẹ́ ń fún àgbá kan kó fi tán. Àgbá tó wọ́pọ̀ jù ni firkin, gálọ́ọ̀nù 9, ìyẹn páìntì 72 (páìntì kan ni ife ńlá kan). Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: àgbá tirẹ̀ ni ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń fà, nítorí náà ọ̀pá kan ń fẹ́ páìntì 24 lóòjọ́, ọ̀pá 10 ń fẹ́ 240. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò ń rọ̀, tó jẹ́ bàbá arúgbó mẹ́rin àti ajá kan ló wà níbẹ̀, ta ló fẹ́ mu 240? Mo ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀pá tò lọ rẹrẹẹrẹ, ife àkọ́kọ́ kan bí ohun tí wọ́n fi ń po sàláàdì. Ọmọ tó wà ní káńtà ní bí real ale ṣe máa ń rí nìyẹn. Irọ́ ni!

Mi ò sọ pé kí ẹ sá fún ọ̀pá púpọ̀ o. Ní Sheffield tí mo ń gbé, ọ̀pá ò wọ́n ní pọ́ọ̀bù Fat Cat ní àdúgbò Kelham Island, tí wọ́n ṣí ní 1981, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ ń fà á gbẹ. Èrò ni kí ẹ kà. Ẹ wo ohun tó wà nínú ife wọn pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ pé lager, bíà tútù onígáàsì bíi tilé wa, ni gbogbo wọn ń mu, àgbá ń jókòó lásán nísàlẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n bá fà á fún yín tán, ẹ gbé ife sókè sí iná. Bó bá rú, ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí àwọn apọntí kan wà tó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Imú ló ń sọ òótọ́ jù. Bó bá ń rùn bí ọtí kíkan, àgbá ti pẹ́. Bó bá ń rùn bíi páálí tí omi ti rin, afẹ́fẹ́ ti ṣe tirẹ̀. Lẹ́nu, ó yẹ kó rọra ta ahọ́n, kí adùn ọkà báálì kọ́kọ́ dé, kí ìkorò hops, òdòdó tí wọ́n fi ń pọn bíà, tẹ̀ lé e, kó sì pẹ́ díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Bí kò bá ta ahọ́n rárá, gáàsì rẹ̀ ti jáde tán. Àwọn ará ilé wa máa ń ní real ale fúyẹ́. Ọtí líle inú stout Guinness ti Nàìjíríà jẹ́ 7.5%, ti bitter, irú real ale tí wọ́n ń mu níbí, kì í sábà ju 4% lọ púpọ̀. Ìjókòó gígùn ni wọ́n pọn ọ́n fún.

CAMRA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ọtí yìí láti 1971, ní máàkì tirẹ̀, 0 sí 5. Òfo ni ti pọ́ọ̀bù tí kò ní real ale rárá; 1 ni èyí téèyàn ń fi ìbínú mu; 3 dára, ó lè mú yín jókòó ti ìkejì. Bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe bóyá irú ọtí náà wù yín. Àwọn máàkì yìí wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fi pọ́ọ̀bù sínú Good Beer Guide, ìwé atọ́nà wọn sí àwọn pọ́ọ̀bù tó dáa. Èmi kì í fún ẹnikẹ́ni ní 5 wẹ́rẹ́. 3½ lẹ́nu mi, ìyìn ni.

Ohun tó ń dùn mí jù nípa àwa Yorùbá níbí ni pé a máa ń tijú. Ọtí á kan, a ó di imú mu ún, torí a ti sanwó. Ẹ gbé e padà lẹ́yìn ìmumu méjì, kì í ṣe nígbà tó bá ku ìdajì. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ pé ó ti kan. Pọ́ọ̀bù tó dáa á pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn. Kí wọ́n tó fà á gan-an, ẹ lè ní kí wọ́n fún yín ní díẹ̀ tọ́ wò; ọ̀fẹ́ ni níbi púpọ̀.

Bí akọ̀wé yín bá tún ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, kó yà sí pọ́ọ̀bù Sheffield Tap tó wà nínú ibùdókọ̀ ojú irin, kó má ka ọ̀pá kankan. Kó kàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà ní káńtà pé èwo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Sheffield