Ẹ̀sùn: Ẹ gba owó ferritin, ẹ kò ṣe é

Ìgbìmọ̀ Ìlera, Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù,
Sábó, Ilé-Ifẹ̀.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀,
Ẹ̀ka Lágere, Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ wa sanwó àyẹ̀wò fún obìnrin 14 lọ́dọ̀ yín, ₦32,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àárẹ̀ tí kò lọ ni gbogbo wọn ń ráhùn rẹ̀: wọ́n sùn, wọ́n jí, ara kò yá. Ìwé ìpolówó yín sọ pé ẹ ó wo ẹ̀jẹ̀, ferritin (tó ń sọ iye irin tó wà nípamọ́ nínú ara), fítámì B12, fítámì D àti tairọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn. Èsì ti dé. Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ lábù wà nínú ìgbìmọ̀ yìí, a sì kà á láti òkè délẹ̀. Inú wa kò dùn rárá. Ferritin kò sí lórí ìwé kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, síbẹ̀ ẹ lu òǹtẹ̀ NORMAL lé èsì obìnrin tó ṣeé ṣe kí irin ti tán lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kẹfà. Hb, ìyẹn èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 12.1 g/dL. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi 12 ṣe gbèdéke fún obìnrin tí kò lóyún, nítorí náà ẹni tó buwọ́ lù ú rí i pé ó ju 12 lọ, ó sì lu òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlà tó tẹ̀ lé e lórí ìwé kan náà. MCV, bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe tóbi tó, jẹ́ 71 fL, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 80 sí 100 ló yẹ kó wà. MCH, ìwọ̀n Hb inú sẹ́ẹ̀lì kan, jẹ́ 22 pg, kò sì yẹ kó dín sí 27. RDW, bí ìtóbi àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe yàtọ̀ síra, jẹ́ 18.5%. Ẹ̀rọ yín fúnra rẹ̀ tẹ L (ó relẹ̀) síwájú méjì àkọ́kọ́, ó tẹ H (ó ga) síwájú ìkẹta, òǹtẹ̀ yín sì bo lẹ́tà H náà mọ́lẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí kéré, àwọ̀ wọn ti ṣí, wọn kò sì dọ́gba. Irin tó wà nípamọ́ nínú ara ló máa ń kọ́kọ́ tán kí Hb tó wálẹ̀. Àárẹ̀ lè ti wọlé kó tó dìgbà náà.

A mọ̀ pé MCV tó relẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí pé irin ló dín. Alpha-thalassaemia, àbùkù ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn ń jogún, wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, òun náà máa ń sọ sẹ́ẹ̀lì di kékeré, oògùn irin kò sì ní yí i padà. Ferritin ló ń fi èkíní hàn yàtọ̀ sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí a fi san owó rẹ̀.

Serum iron, ìyẹn irin tó ń lọ káàkiri nínú omi ẹ̀jẹ̀, ni ẹ ṣe dípò rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Serum iron kì í dúró sójú kan: oúnjẹ ń yí i, wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ń yí i, oògùn irin tí èèyàn gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ náà sì lè gbé e sókè gan-an. Kò sí ẹni tó bi àwọn obìnrin yìí ní ẹnu ọ̀nà yín bóyá wọ́n ti lo oògùn kankan. Ferritin náà ní bí wọ́n ṣe ń kà á o. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, bí kò bá tó 15 µg/L, irin tó wà nípamọ́ ti tán. Ṣùgbọ́n ibà àti àìsàn tó ń mú ara wú máa ń ti ferritin sókè, ni WHO fi sún gbèdéke náà sí 70 fún àgbàlagbà tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀. Ní ìlú tí ibà kò ti fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síni, 40 lè tan dókítà jẹ. Nítorí náà, ẹ ṣe CRP, àyẹ̀wò tó ń fi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ hàn, mọ́ ọn.

Ẹ̀sùn kejì ni òṣùwọ̀n. Lórí ìwé kan, ẹ kọ B12 sí 180, ó parí síbẹ̀. 180 kí ni? Bó bá jẹ́ pg/mL, ó ti dín sí 200, fítámì náà kò tó lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pmol/L, nǹkan bí 244 pg/mL ni, ìyẹn ni ibi tí dókítà kò ti lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ láìṣe àyẹ̀wò mìíràn. Obìnrin náà ní àtọ̀gbẹ, ó ń lo metformin, oògùn tó máa ń fa B12 wálẹ̀ bí ó bá pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ti fítámì D tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ 25 fún ẹlòmíràn. 25 ng/mL kò jẹ́ nǹkan tí à ń bẹ̀rù; 25 nmol/L jẹ́ 10 ng/mL péré, ìtọ́jú sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kọkànlá kò tilẹ̀ yẹ kó jáde lábù. PCV, ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 33%, Hb jẹ́ 13.9. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé PCV máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta Hb. Bí a bá ṣírò MCHC rẹ̀, ìyẹn bí Hb ṣe kún inú sẹ́ẹ̀lì tó, ó di 42 g/dL, bẹ́ẹ̀ 32 sí 36 ló yẹ kó jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kì í sábà gba tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà, tàbí sẹ́ẹ̀lì ti fọ́ nígbà tí wọ́n ń fà á, tàbí ẹnì kan ṣi nọ́ńbà kọ. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ṣe ló yẹ kí ẹ tún ẹ̀jẹ̀ náà fà.

Ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù ni ti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí òṣìṣẹ́ yín ń tà fún wọn bí wọ́n bá ti gba èsì tán. A ka ara ìgò náà: ferric ammonium citrate 200 mg nínú 15 mL, pẹ̀lú folic acid. 200 mg yẹn kì í ṣe ìwọ̀n irin nìkan; ìwọ̀n àpòpọ̀ tí irin wà nínú rẹ̀ ni. Irin inú rẹ̀ kò tó 45 mg, irú irin yìí kì í sì í wọ ara bíi ti ferrous sulphate, tí tábúlẹ́ẹ̀tì 200 mg rẹ̀ kan ní irin 65 mg. Folic acid ibẹ̀ ló léwu fún obìnrin tó ń lo metformin yẹn. Ó lè gbé Hb sókè kí gbogbo èèyàn rò pé ara ti yá, nígbà tí àìtó B12 ṣì ń ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, títí ẹsẹ̀ á fi máa kú tipiri. Ẹni tí irin rẹ̀ dín pàápàá, kí á kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde: nǹkan oṣù tó pọ̀, fíbrọ́ìdì, ọgbẹ́ inú, aràn. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó jókòó sídìí owó.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹ ṣe ferritin àti CRP fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá láìgba kọ́bọ̀ lé e, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n má lo oògùn irin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ń lo oògùn irun àti èékánná tó ní biotin, kó dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ 2, torí ó lè mú kí TSH, nọ́ńbà àyẹ̀wò tairọ́ìdì, relẹ̀ lórí ìwé lásán. Ẹ tún ẹ̀jẹ̀ ẹni kọkànlá fà. Ẹ tún gbogbo ìwé tẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti gbèdéke síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ òǹtẹ̀ NORMAL kúrò, kí onímọ̀ lábù kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sísàlẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú. Kí ẹ dá owó oògùn ẹ̀jẹ̀ padà fún àwọn tó rà á.

A ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14 tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti sí Medical Laboratory Science Council of Nigeria. Ẹ̀dà ìwé 14 náà àti rìsíìtì wà nínú àpòòwé yìí; a ti fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ àwọn obìnrin náà.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, fún Ìgbìmọ̀ Ìlera.