Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Ṣíbí Àpọ́sítélì Tí Ẹ Tà Fún Mi

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Náà,

Ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ńbà ọjà tí mo rà, ọjọ́ tí mo sanwó àti gbogbo ìwé tí mo ti kọ ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín, nítorí náà n kò ní tún wọn tò síbí. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń kọ̀wé sí báyìí, nítorí pé àwọn tí ẹ fi síwájú láti máa dá oníbàárà lóhùn ti sọ mí di bọ́ọ̀lù, wọ́n ń gbá mi láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, títí ọ̀rọ̀ ṣíbí kan ṣoṣo fi di ohun tí ń gba oorun lójú mi. Bó bá ṣe pé àṣìṣe lásán ni ẹ ṣe, tí ẹ sì gbà pé àṣìṣe ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí tipẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ìgbà tí mo bá fi òtítọ́ hàn yín, irọ́ mìíràn ni ẹ fi ń dá mi lóhùn.

Ẹ polówó ọjà náà pé ṣíbí Àpọ́sítélì ni, ìyẹn ṣíbí tí ère Àpọ́sítélì kan wà lórí ọwọ́ rẹ̀, pé fàdákà ni, pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é nígbà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ìyá ìsàmì ni mo fẹ́ jẹ́ fún ọmọ àbúrò ọkọ mi, Mátíù sì ni orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà. Láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún títí wọ ìkẹtàdínlógún, àṣà wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí òbí ìsàmì fi irú ṣíbí yìí ta ọmọ lọ́rẹ. Ọlọ́rọ̀ a fún ọmọ ní odindi mẹ́tàlá, ti Jésù kan àti ti àwọn Àpọ́sítélì méjìlá, tí ère kọ̀ọ̀kan á mú ohun tí a fi ń dá a mọ̀ lọ́wọ́, Pétérù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, Áńdérù pẹ̀lú àgbélébùú rẹ̀ tó rí bí X. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ lè fún un ní ẹyọ kan péré, ti ẹni mímọ́ tí ọmọ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìdí tí mo fi yan Mátíù tó gbé àpò owó lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ mọ gbogbo èyí, torí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ sínú ìpolówó tí ẹ fi ń pe àwa ọmọ Yorùbá tó wà nílùú Ọba pé ká wá ra ẹ̀bùn ìsàmì lọ́dọ̀ yín, pé èdè wa lẹ ó fi máa dá wa lóhùn. Èdè wa náà ni mo fi kọ ìwé yìí.

Nígbà tí ṣíbí náà dé, mo yí i padà, mo wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ márùn-ún, àmì tí wọ́n máa ń lù sára fàdákà, ló tò síbẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ ère Mátíù gan-an, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ orí ọba. Òǹtẹ̀ orí ọba ni wọ́n fi ń fi hàn pé wọ́n ti san owó ìjọba lórí fàdákà kan. Ọdún 1784 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1890. Ọdún 1603 ni Elizabeth Kìíní kú. Lórí ṣíbí Lọ́ńdọ̀nù ti ìgbà tirẹ̀, inú ibi ìbùjẹ, nítòsí ọwọ́ ṣíbí, ni òǹtẹ̀ orí ẹkùn tó dé adé máa ń wà, tí òǹtẹ̀ yòókù á wà lẹ́yìn ọwọ́ náà. Inú ti èyí tí ẹ tà fún mi mọ́ roro, kò sí òǹtẹ̀ kankan níbẹ̀. Ṣíbí ńlá tí wọ́n fi ń jẹun ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ẹnì kan mú, tó fi òòlù lu ibi ìbùjẹ rẹ̀ tó rí bí ẹyin títí tó fi rí bí èso ọ̀pọ̀tọ́, tó sọ ọwọ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ di onígun mẹ́fà, tó sì jó ère mọ́ ọn lórí. Òǹtẹ̀ náà pàápàá ti wọ́ lábẹ́ òòlù. Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí tó ti pẹ́ nínú òwò yìí ni, kò sì sí oníṣòwò fàdákà àtijọ́ tó lè sọ pé òun kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ sọ pé orí Ọbabìnrin Elizabeth fúnra rẹ̀ ló wà nínú òǹtẹ̀ náà. Mo ṣàlàyé fún un pé kò sí ẹni tó ń fi orí rẹ̀ ṣe òǹtẹ̀ sára ṣíbí fàdákà láyé ìgbà náà. Wọ́n gbé mi fún ẹlòmíràn, mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní nínù tí wọ́n ń nu ṣíbí náà láti ọjọ́ yìí ló pa orí ẹkùn inú rẹ̀ rẹ́. Bóyá nínù lè pa òǹtẹ̀ kan rẹ́, ṣùgbọ́n kò lè bí òǹtẹ̀ ọdún 1784 sórí ṣíbí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1603. Ẹni kẹta kọ ímeèlì pé fàdákà Britannia ni, irú fàdákà tó mọ́ ju ti gbogboogbò lọ, pé ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ rẹ̀ fi yàtọ̀. Láti 1697 sí 1720 ni òfin fi fàdákà Britannia ṣe dandan fún àwọn alágbẹ̀dẹ, òǹtẹ̀ rẹ̀ sì ni obìnrin tó jókòó àti orí kìnnìún tí wọ́n ya kúrò lára ọrùn. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn lára ṣíbí mi, bẹ́ẹ̀ sì ni Elizabeth ti lò ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ nínú ibojì kí òfin náà tó jáde. Èmi oníbàárà ni mo wá di olùkọ́ àwọn tí ń ta ọjà fún mi.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni alábòójútó kan bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tù mí lójú. Ó ṣèlérí pé tí mo bá fi ṣíbí náà ránṣẹ́ padà, ẹ ó gbé e lọ fún ìgbìmọ̀ Antique Plate Committee ní Goldsmiths' Hall, ilé ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń yẹ fàdákà tí a bá fura sí wò, pé ẹ̀yin ni ẹ ó san ohunkóhun tó bá gbà, pé ohun tí ìgbìmọ̀ náà bá sọ ni ẹ ó tẹ̀ lé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣàdúrà fún un. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ṣíbí náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín, títí mo fi fi ìwé tí ẹnì kan láàárín yín fọwọ́ sí nígbà tó gbà á ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́yìn èyí ni ẹ dá a padà fún mi nínú àpòòwé lásán, láìsí ìwé ìgbìmọ̀ kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè alábòójútó náà, wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ ìlérí kankan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́ náà ni n kò lè gbàgbé. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ọmọ tí mo lè bí ni, ó sì gbọ́ ohùn tèmi náà. Síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pè mí, "o" sí ìhín, "o" sí ọ̀hún, bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wí. Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣíbí ṣe ju kí o fi jẹun lọ?" Ó tún ní ọjọ́ 30 tí òfin fún mi láti kọ ọjà ti kọjá, ni ó bá pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹ̀yin ọ̀gá, inú ọjọ́ 30 náà ni mo kọ̀wé sí yín pé mo kọ ọjà yìí, ìwé náà wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ sì fi ìlérí fa ọjọ́ náà gùn. Ọjọ́ ìsàmì dé, ọwọ́ òfìfo ni mo bá lọ síwájú pẹpẹ, níṣojú àwọn àna mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fara balẹ̀ wo àwọn ọjà yòókù tí ẹ ń tà, ọkàn mi sì bàjẹ́. Ẹ kọ sábẹ́ ṣíbí kan pé fàdákà ayé Ọbabìnrin Anne tó kú ní 1714 ni, lẹ́tà EPNS sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwòrán tí ẹ̀yin fúnra yín yà. Fàdákà tí a fi iná mànàmáná bo irin mìíràn ni ìyẹn, ọdún 1840 sì ni ilé-iṣẹ́ Elkington ní Birmingham gba ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ náà. Ẹ pe òmíràn ní fàdákà tó ti ṣá, nígbà tó hàn pé latten ni, àdàlù bàbà àti síńkì tí wọ́n fi tánganran (tin) bò kó lè máa dán. Èyí dùn mí ju tèmi lọ, torí kò sí ìtìjú nínú latten. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ní fàdákà láyé ìgbà náà. Igi, ìwo màlúù, tánganran àti latten ni ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù fi ń jẹun, ṣíbí latten tó bá sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ dọ́wọ́ wa jẹ́ ohun iyì fúnra rẹ̀. Ká ní ẹ sọ òtítọ́ fún mi ni, tayọ̀tayọ̀ ni mo máa fi ra latten fún ọmọ náà, tí n ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un bó bá dàgbà. Láti ọdún 1300 ni òfin Ọba Edward Kìíní ti ní kí wọ́n máa lu orí ẹkùn sára fàdákà, kí wọ́n má bàa rẹ́ ẹni tó ń rà jẹ. Ẹ̀yin ń lo òǹtẹ̀ kan náà láti rẹ́ wa jẹ.

Ohun tí mo ń béèrè ni kí ẹ dá gbogbo owó mi padà pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ìwé tọrọ àforíjì, kí ẹ sì yọ ìpolówó irọ́ wọ̀nyí kúrò tàbí kí ẹ tún wọn kọ. Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, n ó gba kóòtù lọ lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015, tó ní ọjà gbọ́dọ̀ bá bí ẹ ṣe júwe rẹ̀ mu. N ó kó àwòrán òǹtẹ̀ náà àti ti ìpolówó yín fún Trading Standards, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, torí òfin òǹtẹ̀ ti 1973 kò gbà kí ẹnikẹ́ni yí ohun tó ti gba òǹtẹ̀ padà láìgba ìyọ̀ǹda. N ó sì ka lẹ́tà yìí sétígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa àti ní àwọn ìjọ Yorùbá yòókù tí ẹ ti ń pín ìwé ìpolówó yín.

Ṣíbí náà wà nílé mi. N kò ní fi ránṣẹ́ mọ́. Ẹ rán ẹni tí yóò wá gbà á, kó mú owó mi dání, kó sì fọwọ́ síwèé níwájú mi pé òun gbà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníbàárà yín