Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Ìbílẹ̀ lórí Àṣẹ Ọkọ̀ Oníbátìrì Tí Kì Í Sáré

Sí Alága àti gbogbo Káńsẹ́lọ̀ wa ọlọ́lá,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, rìwáyà àti fọganáísà ni a fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí. Kò sí ọkọ̀ tó ń rìn lábẹ́ àṣẹ yín tí ọwọ́ wa kò kàn rí, títí dé èyí tí Alága ń gùn.

Ìkéde ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ti fọwọ́ sí i pé kí ọkọ̀ kékeré oníbátìrì máa ná títì. A kò bá ọkọ̀ jà. Ìpín kẹrin ló dùn wá dé eegun: ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tà á nìkan ló lè tún un ṣe, ẹlòmíràn tó bá ṣí i yóò san owó ìtanràn. Ẹ̀yin àgbà wa, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ta ni ẹ bi léèrè nínú wa?

Kí ló wà níbẹ̀ tó ju òye wa lọ? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bátìrì onásíìdì mẹ́fà ni wọ́n so pọ̀ lábẹ́ ìjókòó, fóltì 8 lọ́kọ̀ọ̀kan, tó di 48. Rìwáyà wa ti ń ha ìpẹtà ẹnu bátìrì, ó ti ń bu omi sí i, kí ọlọ́jà yìí tó dé. Èyí tó ń lo bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú fóònù, gba ẹ̀kọ́ tuntun lóòótọ́, a sì ṣetán láti kọ́ ọ. Bíréèkì, bíárìn àti táyà ńkọ́? Iṣẹ́ òòjọ́ wa ni.

Ìkéde náà kò tilẹ̀ dárúkọ títì tí ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbà. Láti 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti yà á sọ́tọ̀: eré rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju máìlì 25 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 40, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn kò sì jẹ́ kó dé títì tí wọ́n ti ń sá ju máìlì 35 lọ. Bí tírélà bá gbá a lẹ́yìn, àwa náà ni wọ́n máa pè wá gé irin lára èèyàn.

A bẹ̀ yín, ẹ yọ ìpín kẹrin kúrò. Ẹni tó bá yege ìdánwò, ẹ fún un níwèé àṣẹ, kí àwọn tó ń ta ọkọ̀ náà sì máa ta páàtì rẹ̀ fún wa. Ẹ dárúkọ àwọn títì tó léwu.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń sọ pé kí gbogbo wa ti ṣọ́ọ̀bù, kí a wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì. Àwa olóyè la ṣì ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Ìpàdé ń bọ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Èsì yín la fẹ́ kà sí wọn létí.

Àwa ọmọ yín,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.